Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Àwọ̀ Dúdú Lọ́wọ́ Kerry James Marshall

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó pọ̀ jù lọ lórí tábìlì wa dá lórí Kerry James Marshall, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Chicago. Inú àwọn kan kò dùn sí i, àwọn kan fẹ́ kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì ń dá wọn lóhùn bó ṣe tọ́.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: àwọn èèyàn jókòó sórí koríko létí omi, gbogbo wọn dúdú bí èédú, kò sẹ́ni tó mọ́ra díẹ̀ nínú wọn. Ó ní èèyàn dúdú bíi tiwa ló yà á. Ṣebí àwọn òyìnbó ló máa ń yà wá báyìí láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Kí ló dé tí ọmọ wa náà fi ń ṣe é? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ẹ kú ojú lọ́nà, mà. Past Times lórúkọ àwòrán yẹn, ọdún 1997 ló yà á. Òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí ẹ sọ. Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń ya èèyàn dúdú bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀dà bàtà kùn, tí ojú rẹ̀ rí rógódó, tí ètè rẹ̀ wú, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí ọṣẹ àti ìwé ìpolówó eré orí ìtàgé. Inú ìlú tí ìtàn yẹn ti le jù ni wọ́n bí Marshall sí, ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1955, nígbà tí òfin ṣì ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ní 1963, ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Watts ní Los Angeles. Lẹ́yìn ọdún méjì ni rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò náà.

Ní 1980 ló ya àwòrán kékeré kan tó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, A Portrait of the Artist as a Shadow of His Former Self. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìbú rẹ̀ kò pé 17. Ọkùnrin kan ló dé fìlà, ara rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ náà dúdú, débi pé ẹyinjú, ṣẹ́ẹ̀tì àti eyín tó ti ká ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwòrán yẹ̀yẹ́ àtijọ́ náà ló mú, ó sì wò ó lójú kòrókòró. Ẹ sún mọ́ ọn: ẹ ó rí etí, ẹ ó rí èjìká, ẹ ó rí ibi tí kóòtù ti pín sí méjì. Ẹni tí ẹ rò pé kò sí níbẹ̀ ti ń wò yín látìgbà tí ẹ dé. Láti ìgbà yẹn ló ti pinnu pé àwọn èèyàn inú àwòrán òun máa dúdú kanlẹ̀, tí ìdúdú náà kò ní jẹ́ ohun tí èèyàn ń tọrọ àforíjì lé lórí.

Àwòrán yẹ̀yẹ́ máa ń fi ọ̀dà kan ṣoṣo tẹ́ ojú pẹrẹsẹ, kò ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ní ìpéǹpéjú, torí ẹni tó yà á kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Nínú Past Times, wọ́n ń gbá gọ́ọ̀fù, ọkọ̀ ojú omi ń lọ lẹ́yìn wọn, rédíò ń kọrin, wọ́n sì kọjú sí wa bí ẹni tí àlejò bá nínú àgbàlá rẹ̀. Ìgbafẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Nínú àwọn mùsíọ́ọ̀mù ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, irú àwòrán fàájì bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra, àmọ́ bóyá lẹ máa rí èèyàn dúdú nínú wọn, àfi ìránṣẹ́ tó gbé àtẹ dání. Àyè yẹn ni Marshall fẹ́ dí, kò sì fẹ́ fi àwòrán kéékèèké dí i.

Ẹ̀ka ọnà ni mo wà, acrylic (ọ̀dà tí kì í ṣe olóróró) ni mò ń lò. Bí mo bá fi dúdú inú túùbù ya ojú èèyàn, ńṣe ló máa ń dà bí ihò. Bí mo bá fi funfun là á, á di eérú. Báwo ni Marshall ṣe ń ṣe tirẹ̀ tó fi ń yọ? (Akẹ́kọ̀ọ́, Yábàá)

Dúdú kan ṣoṣo lẹ ní, òun ló fà á. Mẹ́ta ni Marshall máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ivory black, carbon black àti Mars black. Á wá po cobalt blue, àwọ̀ ewé chrome-oxide àti dioxazine violet mọ́ wọn, títí á fi ní dúdú bíi méje tí kò jọra, tí òmíràn gbóná lójú, tí òmíràn tutù.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dà, ẹ má gba orúkọ iwájú túùbù gbọ́ pátápátá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀dà náà. PBk9 ni ivory: eegun tí wọ́n sun ni, ó máa ń fà sí àwọ̀ ilẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn díẹ̀. PBk7 ni carbon, ìbátan dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì àtùpà: ó ń fà sí búlúù, agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. PBk11 ni Mars, inú irin tó dógùn-ún ni wọ́n ti ń rí i: ó ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbóná díẹ̀ lójú. Bí ẹ bá rí túùbù tó kọ nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, wọ́n ti lú u fún yín, ẹ kò ní lè ṣàkóso rẹ̀.

Kí ẹ tó ya ojú ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọ̀sán kan ṣe ìdánwò yìí. Ẹ kun bébà tó nípọn ní gesso (ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ ìsàlẹ̀ àwòrán), ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi dúdú kọ̀ọ̀kan tẹ́ ibi tó tó sẹ̀ǹtímítà 5. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ po ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n funfun mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni àwọ̀ tó fara pamọ́ sínú dúdú náà á ti jáde. Ẹ wá mú dúdú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ po ìwọ̀n mẹ́rin rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n kan cobalt (PB28), ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ewé chrome-oxide (PG17). Ẹ ṣọ́ra fún violet (PV23) o. Ìwọ̀n ogún dúdú sí ẹyọ kan tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á di elése-àlùkò. Cobalt wọ́n, ultramarine (PB29) ṣe é fi dípò rẹ̀, àmọ́ ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ lú àti ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí lọ́la ẹ kò ní rántí. Ẹ má sì dájọ́ nígbà tó ṣì tutù: omi gọ́ọ̀mù inú acrylic funfun bíi wàrà nígbà tí kò tíì gbẹ, tó bá gbẹ á mọ́ gaara, ọ̀dà náà á sì dúdú sí i. Ẹni tó bá lú àwọ̀ rẹ̀ títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ní tútù á bá a tó ti ṣókùnkùn jù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ó kan ojú èèyàn. Ẹ má yà á sórí kánfáàsì funfun. Dúdú lórí funfun ló ń dà bí ihò, torí ojú ẹni kò lè rí ohunkóhun mìíràn ju ààlà wọn lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú tẹ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì ti mọ àwọ̀ tó máa yí orí náà ká. Lẹ́yìn náà, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: ẹ má fi dúdú tó dúdú jù bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí tó wà láàárín, bíi Mars tí ẹ po búlúù mọ́, tẹ́ gbogbo ojú àti ọrùn, kí àyè lè kù fún yín láti sọ̀ kalẹ̀. Dúdú tó jìn jù lọ, ẹ fi pamọ́ fún ihò imú, abẹ́ àgbọ̀n, àárín ètè àti ìlà ìpéǹpéjú nìkan. Bí ẹ bá ti ná gbogbo owó yín ní òwúrọ̀, kí lẹ máa fi ra oúnjẹ alẹ́?

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ẹ má fi funfun lásán kàn án. Ẹ mú dúdú kan náà, ẹ po cobalt mọ́ ọn títí á fi tutù lójú, kí ẹ tó fi funfun tí kò ju ìwọ̀n kan nínú mẹ́jọ sí i. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn ìrọ̀lẹ́, raw sienna (àwọ̀ ilẹ̀ tó fà sí yẹ́lò) ni kí ẹ lò dípò búlúù. Iwájú orí, góńgó imú, ètè ìsàlẹ̀ àti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tó. Ìdí tí funfun fi ń sọ ojú di eérú ni pé ó ń pa àwọ̀ tó wà nínú dúdú bó ṣe ń là á. Láti ya irun sọ́tọ̀ kúrò lára awọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ: ẹ jẹ́ kí irun jẹ́ carbon tó tutù, kí awọ jẹ́ Mars tó gbóná. Ẹ di ojú yín díẹ̀ wò ó. Bí àwọn méjèèjì bá wọnú ara wọn nígbà tí ẹ di ojú, tí wọ́n sì tún pínyà nígbà tí ẹ là á, ẹ ti mú un.

Ohun mìíràn tó máa ń bà á jẹ́ ni omi. Bí ẹ bá bu omi púpọ̀ sí acrylic, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á fọ́nká, ọ̀dà á sì máa ṣí bí ìyẹ̀fun tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Acrylic medium, gọ́ọ̀mù acrylic tí kò ní àwọ̀, ni kí ẹ fi là á. Nínú ooru tiwa, ẹ tẹ́ fóòmù tó rin sábẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, kí ẹ wá máa po ọ̀dà lórí rẹ̀. Kò ní gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ṣé mo lè fi ọ̀dà olóróró ṣe é? Dúdú tèmi máa ń sán. (Ayàwòrán, Ìlọrin)

Ẹ lè ṣe é. Ivory àti carbon kì í tètè gbẹ nínú òróró, wọ́n sì máa ń mu òróró púpọ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n sísàlẹ̀, tí ẹ wá fi àwọ̀ tó ń yára gbẹ bò wọ́n, òkè á gbẹ nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì ń mì, á sì sán. Ẹ fi Mars sísàlẹ̀, kí ẹ là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ivory wà lókè. Ibi tó bá kú tí kò dán mọ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ ra òróró linseed díẹ̀ sí i, kí ẹ sì nù ún kúrò. Àkísà tó ní òróró yẹn, ẹ rẹ ẹ́ sómi tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta: bí ẹ bá ká a jọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹyin ni Marshall fi ya àwòrán kékeré ti 1980 yẹn. Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé girama lè ṣe é? (Olùkọ́ ọnà, Abẹ́òkúta)

Wọ́n lè ṣe é, kò sì wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ lò ó torí pé ó fẹ́ mọ bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀dà olóróró tó gbòde.

Ẹ fọ́ ẹyin kan, ẹ da funfun rẹ̀ nù. Ẹ máa gbé pupa rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì, kí ẹ máa nu ọwọ́ tó ṣófo, títí á fi gbẹ lára. Ẹ fi ìka méjì di awọ rẹ̀ mú, ẹ gún un, kí inú rẹ̀ ṣàn sínú ife. Awọ náà ẹ sọ ọ́ nù, torí yóò di kókó lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi omi ṣíbí tíì kan sí i. Ẹ po lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ mọ́ omi lọ́tọ̀ títí á fi ki bí ẹ̀kọ, kí ẹ wá pò ó mọ́ ẹyin náà ní dọ́gbadọ́gba. Bó bá jẹ́ dúdú èéfín lẹ̀ ń lò, á léfòó, kò ní gba omi. Ẹ kán spirit díẹ̀ sí i, lójú ẹsẹ̀ ló máa gbà á. Kí àwọn ọmọ fi nǹkan bo imú wọn nígbà tí wọ́n bá ń po lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ fi díẹ̀ kun gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi abẹ fá a. Bó bá bọ́ ní gígùn bí èèpo, ó pé. Bó bá ṣí bí ìyẹ̀fun, ẹyin kò tó. Bó bá ń dán jù tó sì ń fà, ẹyin ti pọ̀ jù. Kò ṣeé rà pọ̀ lórí bébà bí ọ̀dà olóróró. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fà lórí ara wọn, ìpele lé ìpele. Bébà tó wúwo (gíráàmù 300) dára. Pákó tí ẹ fi ẹfun àti gọ́ọ̀mù kùn tún dára jù ú lọ. Kánfáàsì kò dára, torí bó bá ṣe ń mì ni ọ̀dà ẹyin á máa sán. Ẹyin tí ẹ pò láàárọ̀ kì í lò dalẹ́ nínú ooru, bí kò bá sí fíríìjì, ẹ da èyí tó kù nù. Lásìkò òjò, ẹ má fi gíláàsì bo iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Oṣù mélòó kan ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́, kó má baà hu.

Mo lọ wo ìpàtẹ rẹ̀ ní Royal Academy. Ṣọ́ọ̀bù onírun, ilé onígbàjámọ̀, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú láti gbé: kí ló dé tó fi ń padà síbẹ̀? Àti orí òyìnbó olómi góòlù tó wọ́ sílẹ̀ yẹn, kí ni? (Òǹkàwé, Peckham, London)

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bí yín sí, àmọ́ tí wọ́n ti mọ orúkọ yín, tí wọ́n mọ bí ẹ ṣe ń fẹ́ irun yín, tí wọ́n á béèrè yín bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó wá, ìyẹn ni Marshall ń yà. Ìdílé tí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ni.

De Style, ti ọdún 1993, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, Percy's House of Style ló wà lára fèrèsé rẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Irun àwọn oníbàárà ga bí adé, onígbàjámọ̀ sì gbé ọwọ́ sókè bí Jésù ṣe ń gbé e nínú àwòrán ìjọ láti súre. Pupa, yẹ́lò àti búlúù tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ayàwòrán Mondrian àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, De Stijl, ni Marshall yí padà di orúkọ àwòrán yìí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń gé irun níbẹ̀ mọ ọnà bí àwọn yẹn ṣe mọ̀ ọ́n.

Many Mansions (1994) sì nìyí, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n de táì, wọ́n ń gbin òdòdó ní Stateway Gardens, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjọba Chicago tí ìwé ìròyìn kì í mẹ́nu kàn nígbà náà bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbọn. Apẹ̀rẹ̀ ọdún Àjíǹde tí wọ́n fi ọ̀rá wé wà nílẹ̀. Táì nínú ọgbà! Àwọn kan sọ pé àsọdùn ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Marshall gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, Nickerson Gardens ní Watts. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń gbin nǹkan, wọ́n sì ń múra.

Orí olómi góòlù tí ẹ rí wà nínú School of Beauty, School of Culture (2012), tí mùsíọ́ọ̀mù Birmingham, ìlú tí wọ́n ti bí i, ni ín. Orí ọmọ ọba inú eré kátúùnù Sleeping Beauty ni. Gbogbo obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe ara lóge, wọn kò tilẹ̀ wò ó, ọmọ kékeré kan ló tẹ̀ ba tó ń wá ohun tó jẹ́. Ó ti mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, kò tíì lè dárúkọ rẹ̀. Nínú dígí lẹ́yìn, iná kámẹ́rà kọ mànà, ó bo ojú ẹni tó ń ya fọ́tò. Ọgbọ́n orí tó wọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ Holbein, ayàwòrán àtijọ́ kan, ló ti mú un. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ní ànfààní: ẹ lọ sí National Gallery, ẹ wá The Ambassadors ti 1533, ẹ dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara ti ògiri. Ohun tó dà bí ìgbàlẹ̀ nílẹ̀ yẹn á di agbárí. Holbein fi ikú síbẹ̀. Marshall fi ẹwà ẹlòmíràn, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ wa láti kékeré, síbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ó yan bàbá nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Kékeré ló wà tó ti rí àwòrán ayàwòrán dúdú Charles White nínú ìwé, ó sì wá a títí tó fi di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà Otis ní Los Angeles, níbi tó ti gboyè ní 1978.

Ọmọ Yorùbá ni mí, Houston ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ṣé ọ̀rọ̀ baba ńlá wa wà nínú iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé ọmọ tiwa kankan wà tó ń ṣe irú èyí? (Bàbá kan, Texas)

Ó wà, sà. Nínú Voyager (1992), èèyàn dúdú méjì wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Wanderer. Ọkọ̀ gidi ni: ní 1858, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, ó kó èèyàn tó lé ní 400 dé Jekyll Island ní Georgia. Marshall ya àwọn vévé, àmì àwọn ẹlẹ́sìn Vodou ní Haiti, sí ara àwòrán náà. Gbòǹgbò ẹ̀sìn yẹn sì kan orílẹ̀-èdè Benin, ìtòsí wa níhìn-ín. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ó ti tún ya ìjínigbé Olaudah Equiano àti arábìnrin rẹ̀, àti àwọn àwòrán tó fi hàn pé àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn lọ́wọ́ nínú òwò náà. Wọn kò rọrùn láti wò. Àwa tí a ní Badagry àti Ouidah létí òkun wa la tún yẹ kó wò wọ́n jù.

Ní ti ọmọ wa, ẹ wá Toyin Ojih Odutola. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1985, ọmọdé ló wà tí wọ́n gbé e lọ Amẹ́ríkà, ó sì dàgbà ní Huntsville, ní Alabama. Báírò dúdú ló fi lókìkí: á fa ìlà lé ìlà títí awọ á fi máa dán bí irin, nítorí tádàwá báírò ní ìdán tirẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí èédú àti pastel (ẹfun aláwọ̀). Ní Whitney Museum ní New York, láti 2017 wọ 2018, ó pàtẹ ìtàn àwọn ìdílé ọlọ́lá méjì tó rò láti inú orí ara rẹ̀, Ọbáfẹ́mi àti UmuEze Amara, tí ìgbéyàwó àwọn ọmọkùnrin méjì so pọ̀. Ó tilẹ̀ kọ ìwé ìkíni sára ògiri bí ẹni tó jẹ́ akọ̀wé wọn. Ní 2024, ó wà lára àwọn tó ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ ọnà àgbáyé ní Venice. Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ gbìyànjú báírò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń dé, torí tádàwá rẹ̀ máa ń ṣí.

Wọ́n ní mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń ta iṣẹ́ Marshall. Òun ni owó yẹn ń dé bá? (Oníṣẹ́ ọnà, Òṣogbo)

Rárá. Àjọ tó ni gbọ̀ngàn McCormick Place ní Chicago ra Past Times ní 1997 ní 25,000 dọ́là. Ní oṣù Karùn-ún 2018 wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo Sotheby's, ó lọ ní mílíọ̀nù 21.1 dọ́là. Àjọ náà ló gba owó, torí òfin Amẹ́ríkà kò fún ayàwòrán ní ìpín nínú àtúntà. Lọ́dún yẹn kan náà, ìlú Chicago fẹ́ ta Knowledge and Wonder, tó yà ní 1995 fún ilé ìkàwé kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà ní 10,000 dọ́là. Marshall fi ìbínú sọ̀rọ̀ jáde, àwọn ará ìlú náà pariwo, wọ́n sì dá a padà. Àwòrán náà jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ rẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà mẹ́nu ba ìpín nínú àtúntà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti wà láti 2006. Òfin kò lè ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ kò bá mọ ibi tí iṣẹ́ yín wà. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n, ọdún àti orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé òun á fi tó yín létí bí òun bá fẹ́ tà á.

N kò rówó férémù. Mo rí i pé Marshall máa ń so kánfáàsì mọ́ ògiri bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ya fọ́tò iṣẹ́ dúdú tí kò fi ní di eérú lójú fóònù? (Ọ̀dọ́ ayàwòrán, Àkúrẹ́)

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ kò ní igi lẹ́yìn: òrùka irin ló wà létí kánfáàsì, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri bí àsíá. Ẹ gé kánfáàsì kó fi sẹ̀ǹtímítà 6 ju àwòrán lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ pákó kó le, ẹ fi gesso kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa fi sáńpépà fẹ́ẹ́rẹ́ ra á láàárín. Ẹ má lo ẹ̀máṣọ̀n tí a fi ń kun ilé. Ẹfun inú rẹ̀ pọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tó; lọ́jọ́ tí ẹ bá ká a ló máa fọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá gbẹ, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ sẹ́yìn kó jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹ rán an, kí ẹ wá lu òrùka irin sí i ní sẹ̀ǹtímítà 25 síra wọn. Ẹni tó ń lu irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí tapólì wà lọ́jà, á ṣe é fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, ẹ má ká a sí méjì láé. Ẹ yí i mọ́ páìpù tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí ojú ọ̀dà wà níta, kí bébà kéèkì sì wà láàárín, torí acrylic máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú ooru mọ́tò.

Ní ti fọ́tò, fóònù rò pé ohun gbogbo tó dúdú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi ń là á. Ẹ tẹ ojú àwòrán náà lójú fóònù, ẹ wá fa àmì oòrùn tó bá yọ sísàlẹ̀ títí dúdú á fi jọ èyí tó wà níwájú yín. Ẹ pa flash. Ẹ ya á níta lábẹ́ ìbòòji ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ wọ aṣọ dúdú, nítorí aṣọ funfun máa ń tàn padà lórí ibi tó bá ń dán. Bí ibì kan bá ṣì ń kọ mànà nígbà tí ibòmíràn kú, ẹ fi fáníìṣì tí kì í dán bo gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbẹ dáadáa, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan.